Orúkọ Tí Mama Kò Lè Pè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí fọ́tò kan ní Stone Mountain níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, àmọ́ shift ò jẹ́. Lónìí tí mo wà ní off, ẹ wá nǹkan fìdí lé.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, àti pé lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń lọ ṣe volunteer ní ilé ìrántí kan tó wà nínú plaza nítòsí ilé mi. Ẹ má rò pé ilé ńlá ni o. Oníṣègùn eyín ló ń lò ó tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá sì wọ yàrá ẹ̀yìn, ẹ ṣì máa rí ojú ibi tí wọ́n de àga mọ́lẹ̀ sí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gàrí àti ẹja gbígbẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá wá wo ìtàn lọ́dọ̀ wa, òórùn ẹja ló máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

Iṣẹ́ ibẹ̀ ò ṣòro. A máa ń gba fọ́tò àti ẹrù àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú tó ti pẹ́ ní agbègbè yìí, àwọn tí wọ́n bí síbí àti àwa tí a wọ ọkọ̀ òfúrufú wá. A máa ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Èmi ni wọ́n máa ń rán sí àwọn àgbà Yorùbá, èmi náà ni mo sì ń kọ label tí a ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ fọ́tò.

Sister Ọ̀ṣunbùnmi ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ Atlanta ni, ibí ni wọ́n bí ìyá ẹ̀ àti ìyá ìyá ẹ̀ sí. Ìgbà tó wọ ẹ̀sìn òrìṣà ló gba orúkọ yẹn. Èmi tí mò ń kọrin nínú choir, ara mi ò kọ́kọ́ balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe? Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé kò jẹ́ kọ orúkọ Yorùbá kankan láìfi àmì sí i, tí àwọn ọmọ tí mo bí nínú ara mi sì ń pe orúkọ ara wọn bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà fóònù, mo pa ẹnu mi mọ́.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, yàrá tuntun kan la fẹ́ ṣí. Ìtàn ilé kan tó wà ní College Park láyé ijọ́un la fẹ́ sọ níbẹ̀. Ilé yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ wá síbí sọ̀ sí kí wọ́n tó ríṣẹ́. Wọ́n ti wó o tipẹ́, mọ́tò àwọn tó ń rìnrìn àjò ni wọ́n ń páàkì sórí ilẹ̀ náà báyìí. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, ọwọ́ Mama ló sì wà.

Mama yìí, gbogbo ìjọ wa ló ń pè é ní Mama Union City, nítorí ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Union City ló ń gbé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun àti ọkọ ẹ̀, tó ti di olóògbé, wà lára àwọn tó gbé inú ilé yẹn.

Mo lọ bá a, mo tan fóònù, mo ní kó sọ àwọn tó wà nínú fọ́tò fún mi. Ènìyàn mẹ́rin ló dúró níwájú ilé náà. Mama fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi rèé. Bàbá rèé. Akọ̀wé rèé. Ìdílẹ̀kẹ̀ rèé."

Ti Akọ̀wé yé mi. Àbúrò ọkọ ẹ̀ nìyẹn. Irú orúkọ tí ìyàwó máa ń fún àwọn ọmọ ilé ọkọ ni, torí kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Ìyá tèmi náà ní Akọ̀wé tiẹ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n Ìdílẹ̀kẹ̀ yìí, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Obìnrin arẹwà kan ni, ó wọ épírọ́ọ̀nù, ìkòkò irin dúdú ńlá kan sì wà níwájú ẹ̀. Mo bi Mama pé ta nìyẹn. Ó ní obìnrin náà ló nilé, òun náà ló wá gbé Mama ní airport. Mo wo aago, mo rí i pé mo ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Mo ya fọ́tò náà sórí fóònù, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sáré jáde.

Inú mọ́tò ni mo ti to gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: ní Atlanta yìí, tí ẹ bá pàdé ọmọ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ibo ló ti máa ń rí i? Ọ̀dọ̀ àwọn olórìṣà kọ́? Sister wa ńkọ́? Ó dá mi lójú bí ẹni pé ìṣojú mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ.

Bí mo ṣe kọ label nìyẹn, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì: "Ìdílẹ̀kẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn òrìṣà ní agbègbè wa." Mo fi àmì sí gbogbo ẹ̀. Ó dùn ún wò.

Nígbà tí Sister Ọ̀ṣunbùnmi kà á, ojú ẹ̀ rọ̀, omi sì lé síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá àwọn obìnrin tó ṣíwájú òun. Ó ní kí wọ́n tẹ fọ́tò náà ní ńlá, ó gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé e sórí Facebook láti fi pe àwọn ènìyàn wá síbi ayẹyẹ ìṣíde.

Ní Sátidé kejì, obìnrin kan wọlé. Á ti máa lọ sí ọgọ́ta ọdún. Aṣọ búlúù ló wọ̀, ó múra bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró níwájú fọ́tò náà títí. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ta ló kọ label yìí. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Mo ní èmi ni mà. Àṣé mò ń retí oríyìn!

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, kò gbé e sókè rárá. Ó ní Vernell lorúkọ òun. Ó ní obìnrin inú fọ́tò yẹn ni ìyá òun, Ernestine ni wọ́n ń jẹ́. Usher ni wọ́n nínú ìjọ Baptist láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ìbọ̀wọ́ funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run náà ni wọ́n sì wọ̀ fún wọn lọ sí ilẹ̀. Wọn ò fẹsẹ̀ tẹ ilé òrìṣà kankan rí.

Ó yíjú sí Sister, ó ní kì í ṣe pé òun kórìíra ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ohun tó dun òun ni pé àwọn ènìyàn yìí jẹun lọ́wọ́ ìyá òun, wọ́n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá òun, wọn ò sì mọ orúkọ ẹ̀. Ó ní ìkòkò inú fọ́tò yẹn wà nínú trunk mọ́tò òun níta. Òun gbé e wá láti fi ta ilé ìrántí lọ́rẹ, àfi bí òun ṣe ka ohun tí a kọ. Ìkòkò ń padà sílé. Kí àwa náà jọ̀ọ́ yọ fọ́tò náà kúrò, torí òun ò ní jẹ́ kí ojú ìyá òun máa wo ènìyàn láti ara ògiri lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè fọwọ́ mi sí. Sister ò bá mi jà. Ó gun àga, ó yọ fọ́tò náà fúnra ẹ̀, ó gbé e ti ògiri. Ìṣó nìkan ló kù lókè. Láìsí fọ́tò yẹn, yàrá wo la fẹ́ ṣí? Kò sí ẹlòmíràn tó ní òmíràn.

Mo bẹ Miss Vernell pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, kí n padà lọ bá Mama. Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé Mama wá. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀: kó pe orúkọ ìyá àwọn. Tó bá lè pè é, ìkòkò àti fọ́tò di tiwa. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Mo ní kí ló wá le nínú ìyẹn?

Nígbà tí mo dé Union City, Mama ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Mo kí i, mo jókòó, mo fi fọ́tò hàn án lórí fóònù.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ obìnrin yìí gan-an?"

"Ìdílẹ̀kẹ̀."

"Orúkọ tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n ni mò ń béèrè, mà."

Ó dáwọ́ dúró nídìí ẹ̀wà. "Fúnkẹ́, ìwọ náà ti lọ́kọ. Kí lo máa ń pe àwọn àbúrò ọkọ ẹ?"

Mo ní mò ń pe Tóyìn ní Tóyìn, mo sì ń pe Délé ní Délé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ayé ti dayé yín," ó sì padà sídìí ẹ̀wà ẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti wá là á yé mi. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ wá kàwé níbí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó nilé yẹn nígbà náà ló ti gba yàrá. Kò pẹ́ tí ìyá náà ò gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ó ń bọ́ ọ, ó ń bá a wí, ó sọ ọ́ dọmọ. Nígbà tí ìyá náà kú, àárín àwọn ọmọ olókùú ni ọkọ Mama jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin inú fọ́tò yìí sì ni ọmọ tí ìyá náà bí.

"Ìyá ọkọ mi nìyẹn," ni Mama wí. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ni Ìdílẹ̀kẹ̀. Ìgbà tí mo dé láti ilé, mo bá a nílé ni. Ṣé kí n wá máa pe orúkọ ẹni tí mo bá nílé?"

Mo ti rí gbogbo ẹ̀ báyìí. Ọmọ ilé ni wọ́n ka obìnrin yẹn sí, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ ilé, èmi wá lọ gbé e fún àwọn olórìṣà.

Mama ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ tóun sọ̀kalẹ̀ ní airport, bí òun ṣe rí Ìdílẹ̀kẹ̀ lòun kúnlẹ̀ kí i. Ìdílẹ̀kẹ̀ rò pé nǹkan òun ló já bọ́, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń bá òun wá a nílẹ̀. Bàbá dúró lórí àwọn méjèèjì, ó ń fi ẹ̀rín pa ara ẹ̀. Ó ní nígbà tó wá yé Ìdílẹ̀kẹ̀, ó fa òun dìde, ó sì di òun mọ́ra títí àwọn fi délé.

Mo wá sọ ti Miss Vernell fún un. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. "Eyínfúnjowó? Ọmọ yẹn ṣì wà ní ìlú yìí?" Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé náà ni kálukú tú ká. Wọ́n kó lọ síbí, wọ́n kó lọ sọ́hùn-ún, nọ́ńbà fóònù yí padà, bí àwọn ṣe sọ ara wọn nù nìyẹn. Ó ní kí n wá gbé òun.

Mo ní, "Mama, ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ẹ pe orúkọ ìyá wọn."

Ó kó ẹ̀wà tó ti ṣà pọ̀. Ó ní, "A máa débẹ̀ ná."

Ní Sátidé, mo gbé e. Ọ̀nà Union City sí Stone Mountain kì í ṣe kékeré. Mama jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé báàgì lé itan. Mi ò tan rédíò. Mo kàn ń rí i tí ètè ẹ̀ ń mì, tí ohùn ò sì jáde. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

Miss Vernell ti dé ṣáájú wa. Sister Ọ̀ṣunbùnmi ti to àga, ó ti gbé omi kalẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò sì lè jókòó. Mama wọlé, ó gbójú sókè, ó rí Miss Vernell.

"Eyínfúnjowó!"

Ọwọ́ Miss Vernell lọ sẹ́nu. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé láti kékeré ni àwọn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn, pé ńṣe làwọn rò pé irú ohùn tí àjèjì fi ń bá ọmọdé ṣeré ni.

Mama di àga mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Mo sáré lọ dá a dúró, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Miss Vernell náà dìde, wọ́n rò pé ó fẹ́ ṣubú ni. Mo ní rárá mà, ó ń kí yín ni. Mo ṣàlàyé pé ọmọ ilé ni wọ́n, pé wọ́n ti wà nínú ilé kí ìyàwó tó dé. Lójú Mama, bí wọ́n ṣe kéré tó nígbà yẹn ò já mọ́ nǹkan kan, àgbà ni wọ́n jẹ́ fún un. Eékún kan ti kan ilẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán.

A gbé Mama jókòó. Miss Vernell nu ojú wọn, wọ́n fa àga wọn súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé ìbéèrè wọn. Wọ́n rọra bi í bóyá ó mọ orúkọ ìyá àwọn.

Mama fi Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ dáhùn. "I know am. I know am well well. But she is my senior. For our place, wife no dey call am." Ó ya ẹnu, ó tún pa á dé. "I practise am for road. E no gree come out."

Àṣé kì í ṣe àdúrà.

Èmi ti gbà pé ó ti tán. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yìí béèrè, a ò lè ṣe é fún un.

Miss Vernell ń wo ọwọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ìtàn ìyá wọn ni wọ́n mú bọnu. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fún hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí airport ni ìyá àwọn ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi darúgbó. Níbẹ̀, àwọn ọ̀gá tí ìyá àwọn lè bí lọ́mọ máa ń pe orúkọ wọn lásán, "Ernestine, Ernestine," láti àárọ̀ dalẹ́. Ó máa ń dùn wọ́n dé egungun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé àdúgbò tiwọn, kò sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò. Ọmọdé, àgbà, pásítọ̀, Miss Ernestine ni gbogbo wọn ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn tó ń pe orúkọ ìyá àwọn jù láyé ni àwọn tó kà á sí kéré jù.

Wọ́n wá bi mí pé kí ni ìtumọ̀ Ìdílẹ̀kẹ̀. Ojú ń tì mí díẹ̀, mo ní obìnrin tí ìdí ẹ̀ yẹ ìlẹ̀kẹ̀ ni. Mama já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní torí bó ṣe ń rìn ni òun ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dìde lórí àga, ó sì fi hàn wá.

Miss Vernell bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní nínú ìjọ àwọn, àwọn ènìyàn máa ń yí ọrùn wo ẹ̀yìn kí wọ́n lè rí ìyá àwọn bí wọ́n ṣe ń rìn bọ̀ láàárín àga pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun yẹn. Wọ́n ní ẹni tó sọ ọ́ ní Ìdílẹ̀kẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde nínú báàgì, wọ́n sì bi Sister bóyá ó lágbára apá, torí ìkòkò náà wúwo. Àwọn méjèèjì ló jọ gbé e wọlé.

Mo bẹ Sister Ọ̀ṣunbùnmi lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Mo mọ̀ pé mo ti fún un ní ìyá kan, mo sì tún gbà á padà. Ó ní ó dun òun, òun ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí òun ń wá ń bẹ níbì kan, òun á rí wọn. Kí èmi sáà máa béèrè kí n tó kọ. Mo ní yes, ma.

Èmi àti Miss Vernell la jọ kọ label tuntun: "Miss Ernestine, ọmọ ilé. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni ìyàwó ilé ń pè wọ́n."

Lọ́jọ́ ìṣíde, Mama wọ gíláàsì ẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé label, ó ń kà wọ́n sókè. Ó ka ti ilé náà. Ó ka ti ara ẹ̀, inú ẹ̀ dùn. Nígbà tó dé ti ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀, ìka ẹ̀ dúró lórí orúkọ náà, ohùn ẹ̀ sì dá. Miss Vernell, tó dúró lẹ́yìn ẹ̀, rọra bá a kà á: "Miss Ernestine." Mama mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ó sì ka ìyókù lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìtàn wa ló wà nínú ohun tí a kì í pè jáde, ẹni tó bá wá tọ́jú ìtàn gbọ́dọ̀ ní sùúrù béèrè ìdí ẹ̀, pàápàá tó bá dá a lójú pé òun ti mọ̀ ọ́n. Mo tiẹ̀ pe Tóyìn àbúrò ọkọ mi, mo ní mo ti rí orúkọ tí n ó máa pè é láti òní lọ. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ yá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn ìyàwó ilé yín ń pe bàbá yín? Kí ni wọ́n ń pe ẹ̀yin gan-an? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sì kọ orúkọ gidi tì í, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.

Ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ kọ tèmi. Akọ̀wé ni ìyá mi ń pe àbúrò bàbá mi, Daddy Akọ̀wé ni àwa ọmọ náà sì ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Mo ti jókòó síbí láti àárọ̀, mi ò mọ orúkọ wọn. Mò ń pe ìyá mi lórí fóònù báyìí. Mo mọ̀ pé wọn ò ní pè é fún mi, àmọ́ wọ́n á sọ ẹni tí mo lè bi.